Swing yín ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lónìí

Ọjọ́ Sátidé ni. Títí di ihò karùn-ún, èmi ni mo ń ṣe fáàrí láàárín àwa mẹ́rin tí a jọ jáde. Mo ti ń ṣírò owó kékeré tí a fi ta tẹ́tẹ́ sórí eré náà, mo sì ti ń wo ẹni tí yóò ra ọtí. Ní ihò kẹfà, mo fi driver gbá bọ́ọ̀lù, ló bá yà sí ọ̀tún bí ọ̀kadà tó rí ọlọ́pàá níwájú. Mo rẹ́rìn-ín. Ní ihò keje, ó tún yà sí ọ̀tún, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́nu mi. Ní ihò kẹjọ, mo ní màá fi tipátipá fà á wá sí òsì. Ó wá sí òsì lóòótọ́, ó kọjá òsì, ó wọgbó. Nígbà tí a fi máa dé ihò kẹsàn-án, mo dúró ti bọ́ọ̀lù, mo wo ọwọ́ ara mi méjèèjì, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú mọ́.

Ẹni tó bá ń gbá gọ́ọ̀fù mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbá a, ẹ ronú nípa àtẹ̀gùn ilé yín. Ojoojúmọ́ lẹ ń gùn ún, ẹ kì í rò ó. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá bi yín pé ẹsẹ̀ wo lẹ kọ́kọ́ ń gbé, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa kọsẹ̀. Bí swing ṣe ń dàrú nìyẹn. Nǹkan tí ara ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ á kàn di àjèjì síni lọ́wọ́ lójijì, níṣojú àwọn èèyàn.

Mo délé tìbínú-tìbínú. Mo gbé fóònù, mo bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó tó di ààjìn, mo ti wo fídíò tí mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan ní kí n so ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mọ́ ìhà. Òmíràn ní ìbàdí ni kí n kọ́kọ́ yí. Ẹ̀kẹta ní orí mi ò gbọ́dọ̀ mira. Ẹ̀kẹrin ní irọ́ ni gbogbo ìyẹn, ọrùn ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀ wà. Lọ́jọ́ Sunday mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ibi ìdánrawò. Mo gbá garawa bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Èyí tó kẹ́yìn burú ju èyí àkọ́kọ́ lọ, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ti bó.

Ẹ má rò pé àwa tí a ń gbá a fún fàájì nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ó ti ṣe àwọn tó jù wá lọ fíìfíì.

Ọkùnrin ará Ọsirélíà kan wà tó ń jẹ́ Ian Baker-Finch. Ní 1991, ó gba ife ẹ̀yẹ The Open ní pápá Royal Birkdale ní England. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ìdíje náà, ìgbà 29 péré ló gbá bọ́ọ̀lù láti fi parí ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ gọ́ọ̀fù mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1995, ìdíje yìí kan náà wà ní St Andrews ní Scotland. Ihò àkọ́kọ́ níbẹ̀ àti ihò kejìdínlógún jọ ń lo pápá kan náà ni, ibẹ̀ sì fẹ̀ ju 100 yáàdì lọ. Kò sí ibi tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti fi bọ́ọ̀lù sí láyé gọ́ọ̀fù. Baker-Finch gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ àkọ́kọ́, ó yí sí òsì, ó la pápá ihò méjèèjì kọjá, ó jáde síta.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní 1997, ní Royal Troon, ìgbà 92 ló gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ kan ṣoṣo, lórí pápá tó yẹ kéèyàn fi 71 parí. Ó yọra kúrò nínú ìdíje náà, ó sì pa ìdíje tì. Ẹni ọdún 36 ni nígbà náà. Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ló padà mú un gbajúmọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa lọ jìnnà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan padà, ìmọ̀ràn sì pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ohun tó ń dun àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ni pé, bó bá wà níbi ìdánrawò, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ tààrà bí ọfà. Bó bá wá dé ihò àkọ́kọ́, tí èèyàn pé jọ, gbogbo ẹ̀ á pòórá. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́ níbẹ̀?

Kádì mi ló kọ́ mi ní tèmi. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ó sì ti ń gbé àpò gọ́ọ̀fù kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ gọ́ọ̀fù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Sátidé burúkú yẹn, mo bá a níbi tó jókòó sí lábẹ́ igi.

Mo ní, “Bàbá, swing mi ti bàjẹ́.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ọ̀gá, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí bọ́ọ̀lù yín ti ń rìn lọ síwájú. Tẹ́lẹ̀, gìgísẹ̀ òsì yín ló máa ń kọjú sí tẹ́ ẹ bá mú driver. Ní báyìí, ó ti kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín.”

“Ẹ̀ẹ́n? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?”

“Ọ̀gá, nígbà tó ń wọlé fún yín, ta ni ì bá gbọ́?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Ohun tí bàbá yìí sọ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí. Swing kì í dédé bàjẹ́. Ohun tó já lójijì ni àbùlẹ̀ tí ara wa ti ń lẹ̀ mọ́ ibi tó ti ya látọjọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ká ní ẹ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá. Bí bọ́ọ̀lù bá fi díẹ̀díẹ̀ sún síwájú ju ibi tó yẹ lọ, èjìká yín á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí òsì láìmọ̀, kí ọ̀pá lè bá bọ́ọ̀lù. Bí èjìká bá ti yà, ọ̀pá á máa ti òde wá, á máa gé bọ́ọ̀lù wọ inú. Ó yẹ kí bọ́ọ̀lù máa tẹ̀ sí ọ̀tún nígbà náà. Àmọ́ ara gbọ́n. Láìbi yín, ọwọ́ yín á kọ́ bí wọ́n ṣe ń yára pa ojú ọ̀pá dé lásìkò tó máa kan bọ́ọ̀lù. Àṣìṣe méjì bára wọn, wọ́n parẹ́, bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ tààrà, ẹ̀ ń jẹ ẹran ẹ̀ ń mu ọtí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Títí dìgbà tí ọjọ́ kan á dé. Oòrùn mú, tàbí ẹ ò sùn dáadáa, tàbí ẹnì kan tẹ́ ẹ bẹ̀rù ń wò yín. Ọwọ́ pẹ́ díẹ̀, bí ìṣẹ́jú ojú. Àbùlẹ̀ já. Bọ́ọ̀lù yà sí ọ̀tún. Ẹ rí ọ̀tún, ẹ wá fi agbára kún ọwọ́ láti fà á sí òsì. Ní báyìí, ẹ ti fi àṣìṣe kẹta lé méjì tó wà nílẹ̀.

Ẹ ronú nípa bó ṣe kéré tó. Àsìkò tí ojú ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù fi ń fara kanra kò tó ìdá kan nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ojú ọ̀pá bá fi dígírì méjì péré yà, bọ́ọ̀lù tó lọ jìnnà tó 250 yáàdì á ti fi ohun tó lé ní yáàdì méje ṣìnà, ká tó ṣírò bó ṣe ń tẹ̀ lófuurufú. Nǹkan tí ojú lásán ò lè rí lẹ fẹ́ fi ìbínú àti fídíò tún ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò lè ṣeé ṣe.

Ẹnì kan á ní, “Ṣé kéèyàn má wá ronú nípa ohun tó ń ṣe ni?” Ìbéèrè gidi nìyẹn, àwọn onímọ̀ sì ti dán an wò. Ní 2002, Sian Beilock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù gbá dáadáa jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa ti bọ́ọ̀lù lọ síbi àmì. Nígbà kan, wọ́n ní kí wọ́n fọkàn sí bí ọ̀pá àwọn fúnra wọn ṣe ń lọ. Nígbà míì, wọ́n ní kí wọ́n máa tẹ́tí sí ìró kan tí kò kan eré náà rárá. Ìgbà tí ọkàn wọn wà lára swing ni wọ́n ṣe burúkú jù. Wọ́n tún fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dán an wò. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù dà láàárín àwọn òpó pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn tó já fáfá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó ń kan bọ́ọ̀lù. Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò rí bẹ́ẹ̀, ó ràn wọ́n lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn ni.

Ẹ rí i báyìí? Ìmọ̀ràn tó dára fún akẹ́kọ̀ọ́ ni májèlé fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kì í ṣe pé irọ́ ni àwọn fídíò yẹn ń pa. Òótọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Àmọ́ oògùn tí wọ́n júwe fún ẹlòmíì ni. Ẹni tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń fò ni wọ́n bá wí. Tiyín ò fò, bọ́ọ̀lù yín ló sún síwájú. Ẹ wá mu oògùn ibà fún eyín dídùn, ẹ ní oògùn ò jẹ́.

Kí wá ni ká ṣe? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Jack Nicklaus, tó gba ife ẹ̀yẹ ńláńlá 18, iye tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà nínú gọ́ọ̀fù àwọn ọkùnrin, mọ èyí dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló wà nígbà tí Jack Grout bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní Scioto Country Club nílùú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tó ti di ọ̀gá gbogbo ayé pàápàá, bí ọdún tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, á tún padà lọ bá olùkọ́ rẹ̀ yìí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú, bí ẹni pé kò gbá a rí. Kò dúró kó bàjẹ́ kó tó lọ.

Àwa ń kọ́? Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ kádì mi, lọ́wọ́ olùkọ́ tí mo padà lọ bá, àti lára ara mi nìyí.

Àkọ́kọ́, bó bá dàrú yín lórí pápá, ẹ má tún un ṣe níbẹ̀. Pápá kọ́ ni ilé ìwòsàn. Ẹ ti driver bọ inú àpò. Ẹ mú ọ̀pá kan tẹ́ ẹ fọkàn tán, iron 7 tàbí 8, ẹ dín bí ẹ ṣe ń gbé e sókè kù, kí ẹ sì máa fi bọ́ọ̀lù síbi tó ṣeé rí. Ẹ gbà pé ọjọ́ yẹn ti lọ. Ẹ jẹ́ kí owó tẹ́tẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń fi ihò mẹ́sàn-án wá ìwòsàn, àìsàn mẹ́sàn-án ló máa gbé délé.

Èkejì, ẹ wo nǹkan mẹ́rin tó wà nílẹ̀ kí ọ̀pá tó mira rárá: bí ẹ ṣe dì í mú, ibi tí ẹ kọjú sí, ibi tí bọ́ọ̀lù wà, àti bí ẹ ṣe jìnnà sí i tó. Ibẹ̀ ni àṣìṣe máa ń yọ́ wọlé sí, torí pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá méjì sílẹ̀ lórí koríko, kí ọ̀kan na ìka sí ibi àfojúsùn, kí èkejì sì bá ẹsẹ̀ yín dọ́gba. Ó máa yà yín lẹ́nu. Èmi tí mo rò pé àsíá ni mo kọjú sí, ilé ìtura tó wà lápá òsì ni èjìká mi ń wò. Ní ti bọ́ọ̀lù, bí ẹ bá mú driver, kó wà ní ìdojúkọ gìgísẹ̀ òsì. Bí ẹ bá mú iron kúkúrú, kó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ti àwọn tó ń fi ọwọ́ òsì gbá ni òdìkejì.

Ẹ̀kẹta, ẹ dẹwọ́. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, a máa ń di ọ̀pá mú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ jà á gbà. Apá á le, èjìká á sún mọ́ etí, ojú ọ̀pá ò ní lè yí padà mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó dà bíi pé torí gọ́ọ̀fù ni wọ́n ṣe pa òwe yìí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dín swing kù. Ẹ gbé ọwọ́ dé ìbàdí, ẹ gbá a, ẹ parí sí ìbàdí. Bọ́ọ̀lù ogún tàbí ọgbọ̀n báyìí pẹ̀lú ọ̀pá kúkúrú, jẹ́jẹ́. Bí ìyẹn ò bá lọ tààrà, odindi swing ò lè lọ tààrà, ẹ má tan ara yín. Bó bá ti ń lọ, ẹ fi díẹ̀ kún un. Kí ẹ sì rántí ìlù rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Novosel fi fídíò ka swing àwọn ọ̀gá, ó sì rí i pé bó ti wù kó yá tàbí kó falẹ̀ tó, àsìkò tí wọ́n fi ń gbé ọ̀pá lọ sókè máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mẹ́ta lọ, ọ̀kan bọ̀. Àwa tí a gbọ́ ìlù látinú oyún, ṣé ó yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa? Bí swing bá fẹ́ dàrú, ìlù yìí ló máa ń kọ́kọ́ dàrú. A ó sáré sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó dé òkè tán.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù jẹ́rìí. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ gbéra lọ ń sọ ibi tí ojú ọ̀pá kọjú sí, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bó ṣe wá tẹ̀ lẹ́yìn náà ń sọ bí ojú ọ̀pá àti ọ̀nà tí ọ̀pá gbà ṣe yàtọ̀ síra. Bó bá gbéra sí òsì tó wá tẹ̀ sí ọ̀tún, ìṣòro yín yàtọ̀ sí ti ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbéra sí ọ̀tún tó sì ń lọ tààrà sí ọ̀tún. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa ojú ọ̀pá, kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ wo ibi tí àmì wà. Bó bá wà nítòsí ọrùn ọ̀pá, tí bọ́ọ̀lù sì ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ sún mọ́ ọn jù ni, tàbí pé ara yín ń tẹ̀ síwájú lọ sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ò gbowó púpọ̀, kì í sì í purọ́.

Ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́kàn, kó má sì jẹ́ nípa ara yín. Ní 1999, Gabriele Wulf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí. Wọ́n ní kí àwọn kan máa ronú nípa bí apá wọn ṣe ń lọ, kí àwọn tó kù máa ronú nípa bí ọ̀pá ṣe ń lọ. Àwọn tó fọkàn sí ọ̀pá ló ṣe dáadáa jù. Torí náà, dípò “ìgbọ̀nwọ́ mi, ìbàdí mi, ọrùn ọwọ́ mi,” ẹ sọ fún ara yín pé “orí ọ̀pá, lọ síbi àsíá.” Ó tán.

Èkeje, bí ibì kan bá ń dùn yín, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó lọ rí olùkọ́. Ẹ̀yìn tó ń dun èèyàn máa ń yí swing padà láìsọ fún olúwa rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ló ń gbọ̀n tàbí tó ń ta kìjí fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, ìyẹn tún yàtọ̀. Yips ni àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè é. Bernhard Langer, ọmọ Jámánì, bá a jà lọ́pọ̀ ìgbà. Ó yí bó ṣe ń di ọ̀pá mú padà, ó tilẹ̀ di ọ̀pá mọ́ apá òsì rẹ̀ pinpin, ó sì tún gba Masters ní 1993, lẹ́yìn èyí tó kọ́kọ́ gbà ní 1985.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, “Ṣebí Nick Faldo tú swing rẹ̀ palẹ̀ pátápátá, tó sì padà di ọ̀gá?” Òótọ́ ni. Faldo ti ń gba ife kó tó di 1985, àmọ́ ó rí i pé swing òun kì í dúró bí ọ̀rọ̀ bá gbóná. Ó lọ bá David Leadbetter, wọ́n tú u, wọ́n tún un tò. Ó gbà á ní nǹkan bí ọdún méjì kó tó jèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn The Open ní Muirfield ní 1987, par ló fi parí ihò méjìdínlógún láì yẹ ẹyọ kan, ó sì gba ife náà. Ife ńlá mẹ́fà ló kó jọ lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ṣe é: olùkọ́ kan, ọdún méjì, bọ́ọ̀lù tí kò níye, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sì ni. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe alẹ́ Sátidé. Ẹni tó fẹ́ wó ilé rẹ̀ kọ́ tuntun ò burú, ṣùgbọ́n òrùlé tó ń jò kọ́ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wó ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fàájì nìkan o. Nílẹ̀ wa níbí, púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, kádì ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n gbé àpò ẹlòmíì kí wọ́n tó ní tiwọn. Bí swing bá bàjẹ́ lọ́wọ́ irú wọn, owó ilé ìwé ọmọ ló bàjẹ́ yẹn. Bí ọ̀dọ́ kan tó fi owó oṣù rẹ̀ ra ọ̀pá àlòkù bá pa eré tì nítorí ìtìjú ọ̀sẹ̀ méjì, ó pàdánù nǹkan tó lè bá a dọ́jọ́ ogbó. Ìtìjú yìí ló ń lé èèyàn kúrò lórí pápá. Kì í ṣe swing.

Ẹ gbọ́ ti David Duval kí n tó dákẹ́. Ní 1999, òun ló wà nípò kìíní lágbàáyé. Lóṣù kìíní ọdún yẹn, ó fi 59 parí ọjọ́ tó kẹ́yìn ìdíje kan, ó sì gbégbá orókè. Ní 2001, ó gba The Open. Lẹ́yìn ìyẹn, ara bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, swing yí padà, gbogbo ẹ̀ dàrú. Orúkọ rẹ̀ já wálẹ̀ títí tó fi di ẹni 882 lágbàáyé. Ipò 882 yẹn ló wà nígbà tó wọ US Open ní Bethpage, New York, ní 2009, tó sì wà lára àwọn tó jọ ṣe ipò kejì. Kò gbà á. Kò sì padà sí ipò kìíní mọ́. Àmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ayé rí i pé nǹkan náà ò kúrò lára rẹ̀.

Tèmi ńkọ́? Mo dá bọ́ọ̀lù padà sí ìdojúkọ gìgísẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó burú sí i, torí pé ọwọ́ mi ṣì ń lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ibi tí kò ya mọ́, gbogbo bọ́ọ̀lù ń lọ sí òsì. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbá ọ̀kan tí mi ò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ rárá, ó lọ jìnnà, ó dúró sáàárín pápá. Bàbá ò sọ nǹkan kan, ó kàn gba driver lọ́wọ́ mi, ó nù ún.

Nǹkan kan ti yí padà ṣá. Ní gbogbo ìparí oṣù, mo máa ń bi í pé, “Bàbá, kí lẹ rí?” Ọjọ́ tó bá ń wọlé fún mi gan-an ni mo máa ń bi í.